Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún Tí A Fi Pamọ́

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, dígí gígùn kan tí igun rẹ̀ ti fọ́, àti èmi fúnra mi pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Téèpù yẹn kì í kúrò lọ́rùn mi. Mo ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ sùn rí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Ìyá Téèpù.

Aṣọ ìyàwó ni iṣẹ́ mi. Ohun kan sì wà tí mo máa ń fi yangàn: n kì í rán aṣọ ìyàwó fún aboyún. Bí mo bá wọn ọmọbìnrin lónìí, tí mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù kan, tí àyà tàbí ìbàdí bá ti lé, màá ká téèpù mi, màá ní, "Ìyàwó, lọ bá ẹlòmíì. Téèpù mi kì í purọ́."

Mo ti sọ ọ́ lójú èèyàn rí, tí ọmọ ọlọ́mọ sunkún jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Àwọn tó ń la àwọn aboyún lọ́yẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n sọ ìtàn mi. Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀bẹ̀ wọn ni, ǹ bá gbé e wọ sàréè.

Ọmọ mi ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, ló mú ọmọbìnrin kan wálé. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó lọ́wọ̀, ó sì mọ ìṣirò bí ẹni mumi. Mo ní ta ló tún máa rán aṣọ ìyàwó rẹ̀ bí kò ṣe èmi?

Oṣù méjì kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, mo wọ̀n ọ́n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo kọ déètì sí i: àyà, íǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n ni mò ń ka òfin mi fún un.

"Ìyàwó mi, nínú ilé yìí, òrùka ló ń ṣáájú, ọmọ ló ń tẹ̀lé e o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì," ó fèsì.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, ó wá gbé aṣọ náà wọ̀ wò. Síìpù kọ̀, kò gòkè. Mo fa téèpù yí àyà rẹ̀ ká, ó ta gìrì, ó fọwọ́ di àyà mú bí ẹni pé mo fi abẹ́rẹ́ gún un. Íǹṣì márùndínlógójì àbọ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń kán òróró sí ẹ̀rọ. Òórùn òróró náà kàn án nímú báyìí, ó sáré jáde lọ bì.

Nígbà tó padà wọlé, ojú wa pàdé nínú dígí. Mo mọ̀. Ó sì mọ̀ pé mo mọ̀.

Kí wá ni Ìyá Téèpù sọ? Kò sọ nǹkan kan. Mo jókòó, mo tú ojú rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo fẹ̀ ẹ́ sí i. Mo kọ ìwọ̀n tuntun sínú ìwé torí ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, mo sì pa ìwé dé. Bí ọmọ ẹlòmíì ni, ǹ bá ti lé e.

Wọ́n ṣègbéyàwó, aṣọ bá a mu, gbogbo èèyàn ń yìn mí.

Nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn, èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ. Agbẹ̀bí kan ló gbà wá, obìnrin gíga tó so okùn mọ́ ìgò ojú rẹ̀, tí kì í pariwo. Ó mú káàdì, ó mú bírò.

"Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?"

Ìyàwó mi kọ́kọ́ wò mí. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó wa, mà."

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Agbẹ̀bí kọ ọ́ sílẹ̀. Bí olùkọ́ ìṣirò ṣe yọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún kúrò nínú oyún rẹ̀ nìyẹn, tí ìyá ọkọ rẹ̀ sì fún un ní máàkì.

A ò tètè lọ ya àwòrán inú. Àwa méjèèjì ń rí àwáwí. Nígbà tí a wá lọ, oyún ti dàgbà, agbẹ̀bí sì wo èsì náà títí.

"Ọmọ yìí tóbi ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ o. Tó bá jẹ́ pé ẹ tètè ya á ni, àwòrán náà ì bá sọ ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an. Ní báyìí tó ti dàgbà, ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta ṣìnà. Ṣé déètì tí ẹ fún wa dá yín lójú?"

Kí ìyàwó mi tó lanu, èmi ti dáhùn.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ ìdílé wa máa ń tóbi ni. Ọkọ rẹ̀ náà, bí ọmọ màlúù ni mo ṣe bí i!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dun mí di òní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó mi yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò jókòó.

"Mọ́mì, ọmọ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ yíra láti àná."

Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Mo ka oṣù lórí ìka, mo kà á bó ṣe jẹ́ lóòótọ́, kì í ṣe bó ṣe wà lórí káàdì. Mo ti ilẹ̀kùn, ó di ilé ìwòsàn.

Agbẹ̀bí wa náà ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, ó ní kí dókítà wá yẹ inú rẹ̀ wò. Nígbà tó padà bá wa, ó fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Tíṣà, ọkàn ọmọ ń lù dáadáa ní báyìí. Àmọ́ omi tó yí i ká ti ń dínkù. Káàdì yín sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógójì ni oyún yìí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, dókítà lè ní ká ṣì dá yín dúró síbí, ká máa ṣọ́ yín. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò ní dúró rárá, òní la máa ran ìrọbí lọ́wọ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé déètì yìí dá yín lójú?"

Ìyàwó mi wò mí. Èmi ń wo ilẹ̀.

"Ó dá mi lójú, mà," ó sọ.

Mo ní mò ń lọ mú aṣọ wá fún un. Irọ́ ni. Àpò aṣọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kúrò níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí mi ni.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti ẹ̀rọ. Mo ṣí ìwé ìwọ̀n, mo wá ojú ewé rẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Márùndínlógójì àbọ̀. Ìkọ̀wé ara mi ni, déètì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Téèpù mi ò purọ́ lóòótọ́. Èmi tí mo gbé e kọ́rùn ni mo purọ́.

Mo dìde, mo tún jókòó. Mo ń ro ohun tí àdúgbò máa wí. "Ìyá Téèpù tó ń lé ọmọ ọlọ́mọ, ṣé ẹ gbọ́ ti inú ilé tirẹ̀?" Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn bí ẹni pé wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wò ó, ọmọ-ọmọ mi wà nínú ewu, orúkọ mi ni mò ń ṣọ́.

Oníbàárà kan kọjá, ó nawọ́ sí mi. "Ìyá Téèpù, ìyàwó wa ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa."

Irọ́ yẹn jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bí òwú tó ń tú. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ara mi wá bà mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ ń wọ́, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ki ìwé náà mọ́ abíyá, mo sì ń sáré, èmi tí orúnkún ń dùn.

Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì níwájú agbẹ̀bí.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wo déètì yìí. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí wọ́n ṣègbéyàwó. Àyà rẹ̀ ti fi íǹṣì kan àbọ̀ lé, ó ń dùn ún, ó sì ń bì. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ó ti lóyún. Èmi ni mo fi irọ́ ìdílé ọlọ́mọ ńlá bò ó."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. "Mọ́mì, ẹ má bínú."

"Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ọ́," mo dáhùn.

Agbẹ̀bí yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó kà á, ó pa á dé. Ó ní, "Ìwé aránṣọ ò lè sọ ọjọ́ orí oyún fún wa. Àmọ́ ó tó láti mú kí n tún béèrè. Tíṣà, ọjọ́ wo gan-an ni?"

"Ọjọ́ tí a ti ilé-ìwé fún ìsinmi. Mo rántí dáadáa torí inú rírun ò jẹ́ kí n dúró gbọ́ ìwúre. Láti ọjọ́ náà n ò tún rí nǹkan oṣù mọ́."

Agbẹ̀bí mú kàlẹ́ńdà, ó fi bírò kà á lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ méjìlélógójì pé lónìí," ó sọ. "Ogójì ọ̀sẹ̀ là ń retí. Bó bá ti lé ní ọ̀kànlélógójì, ibi ọmọ tó ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn fún ọmọ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ta lẹ̀ ń bẹ̀rù tí ẹ fi pa ọ̀sẹ̀ márùn-ún mọ́ fún wa?"

"Mọ́mì ni," ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ mo gbọ́.

Bí agbẹ̀bí bá bú mi ni, ara ì bá tù mí. Kò bú mi. Ó kàn lọ pe dókítà.

Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òní ni. Ó fi agbẹ̀bí sílẹ̀ kó ṣàlàyé fún wa. Èmi tí ojú ń tì, ẹnu mi ò kúkú dákẹ́.

"Ṣé ẹ fẹ́ fipá fa ọmọ jáde ni? Àwọn èèyàn á ní kò lè rọbí fúnra rẹ̀."

Agbẹ̀bí bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Màmá, àwọn èèyàn yìí náà lẹ ti ń bẹ̀rù láti oṣù mẹ́jọ. Ṣé àwọn ni wọ́n máa bá yín gbé ọmọ yìí?"

Ó kọjú sí ìyàwó mi. "Tíṣà, a ò ní fa ọmọ. Ara yín la fẹ́ jí. Màá kọ́kọ́ yẹ ẹnu ilé ọmọ wò, bóyá ó ti ń rọ̀. Tó bá ṣì le, a máa fi oògùn kékeré kan rọ̀ ọ́, tàbí ká fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i, tí orí rẹ̀ máa ń wú bí a bá fa omi sí i, kó lè ṣí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti ṣí tó, a lè bẹ́ àpò omi tó yí ọmọ ká. Lẹ́yìn náà, bí ìrọbí ò bá tíì lágbára, a máa so omi mọ́ apá yín, oògùn wà nínú rẹ̀, a ó máa mú un pọ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé ó máa dùn mí, mà?"

"Ó máa dùn yín. N kò ní purọ́ fún yín. Ìrora rẹ̀ tiẹ̀ lè le, kó sì tètè dé ju ti ìrọbí tó dá wá fúnra rẹ̀. Àmọ́ a ní oògùn ìrora, ẹ béèrè, ẹ má tijú. A ó máa gbọ́ ọkàn ọmọ déédéé, torí nígbà míì ìrora lè súnmọ́ra jù, tí a máa dín oògùn kù tàbí ká dá a dúró."

"Ṣé màá bí i lónìí?"

"Ó lè jẹ́ òní, ó lè jẹ́ ọ̀la, ó tiẹ̀ lè di ọ̀túnla, àgàgà fún ọmọ àkọ́kọ́. Nígbà míì kì í ṣiṣẹ́, tàbí kó rẹ ọmọ, a ó wá bí i pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Ìbéèrè tó bá wà lọ́kàn yín, ẹ bi wá kí ẹ tó gbà."

Ìyàwó mi béèrè bóyá ó lè rìn, bóyá ó lè jẹun, bóyá ọkọ rẹ̀ tó gbé ẹrù lọ ìrìn àjò lè wọlé tó bá dé. Ó béèrè bí olùkọ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló gbà. Kò wò mí kó tó gbà.

Mo fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, mo mọ nǹkan mímu kan tó máa jẹ́ kó yá."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Bí ìyẹn bá pàdé oògùn tiwa nínú rẹ̀, ilé ọmọ lè le koko jù, ó lè ya pàápàá, ọmọ ò sì ní rí atẹ́gùn gbà. Ẹ ò tíì fún un ní nǹkan kan, àbí?"

"N ò tíì fún un." Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ kejì mi nìyẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ju inú rírun lọ. Wọ́n fi oògùn àkọ́kọ́ sí i, wọ́n dúró, wọ́n tún fi òmíràn sí i. Bó ṣe ń wù mí láti kùn, mo ń rántí ohun tí agbẹ̀bí sọ. Ìyàwó mi ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń tẹ̀ lé e.

Ó dúró lójijì, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. "Mọ́mì, bí ọmọ yìí bá kú, èmi ni mo pa á."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ pa irọ́ kan, èmi ni mo ṣe ibi tí irọ́ náà máa fara pamọ́ sí."

Ó gbé orí lé mi léjìká, téèpù wà láàárín wa. Mo bọ́ ọ, mo tì í bọ àpò.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu ilé ọmọ ti ṣí díẹ̀. Wọ́n bẹ́ àpò omi náà. Omi náà láwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé ọmọ ti yàgbẹ́ sínú rẹ̀. Agbẹ̀bí ò fi pamọ́ fún wa. Ó ní ó lè jẹ́ torí pé ó ti pẹ́ nínú, ó sì ní kí dókítà ọmọdé múra sílẹ̀. Wọ́n so omi oògùn mọ́ apá rẹ̀. Nígbà tí ìrora dé, ó dé lóòótọ́. Ìyàwó mi tó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ pariwo pe ọkọ rẹ̀, ó pariwo pe mí, ó béèrè oògùn ìrora, wọ́n fún un. Lẹ́ẹ̀kan, ọkàn ọmọ rọlẹ̀, wọ́n dín omi náà kù, wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ọkàn ọmọ padà bọ̀ sípò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló bí ọmọbìnrin.

Kò ké. Dókítà gbé e lọ sórí tábìlì kékeré, wọ́n nù ún, wọ́n ń fún un ní atẹ́gùn. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò gbàdúrà pé kí àṣírí mi bò mọ́. Mo ní tó bá lè ké, kí gbogbo ayé mọ̀.

Ó ké.

Nígbà tí wọ́n gbé e wá, awọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó ń ṣí. Èékánná rẹ̀ gùn kọjá ìka. Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ kékeré náà sókè fún mi kí n rí i.

"Màmá, ọmọ tó ti ń dúró dè wá tipẹ́ nìyí."

N kò rí ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí.

Kò pẹ́ tí àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ ló rẹ́rìn-ín sí mi. "Ìyá Téèpù, láti ìgbéyàwó, oṣù mẹ́jọ péré! Ọmọ yìí mà kánjú o."

Ṣọ́ọ̀bù kún.

"Kò kánjú," mo fèsì. "Ó pẹ́ ni. Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ló ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo wọn ìyá rẹ̀, mo sì mọ̀."

Obìnrin náà gba aṣọ rẹ̀, ó lọ. Bóyá ó sọ ọ́ kiri, n kò béèrè. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, ó ń sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ lóyún, ọjọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, bó ṣe rí gan-an ni kí ẹ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa ní kí ẹni tó tẹ̀ lé yín kọ́kọ́ bọ́ síta. Àṣírí yín ni, wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ẹ tètè lọ ya àwòrán inú. Bí ẹ bá ti purọ́ tẹ́lẹ̀, kò pẹ́ jù láti tún un sọ. Bí ọmọ ò bá yíra bó ṣe máa ń yíra, ẹ má dúró di ọ̀la. Bí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ ran ìrọbí lọ́wọ́ kó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìtìjú, kì í sì í ṣe ìyà. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe, ẹ ní sùúrù torí ó lè gba ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ má sì mu ohunkóhun tí wọn ò mọ̀ sí i.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, èmi ò ní ẹnu láti gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ kàn wo ojú mi.

Ọmọbìnrin tó sunkún jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi níjọ́sí, mo ti ń wá a. Wọ́n ní ó ti kó kúrò ládùúgbò. N kò mọ irọ́ tí òun náà lọ pa fún agbẹ̀bí tirẹ̀ nítorí mi, n kò sì mọ ibi tí irọ́ náà já sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ojú ọ̀nà kan wá wọ aṣọ rẹ̀ wò. Síìpù kọ̀. Ó wò mí nínú dígí, ó ti ń nawọ́ sí aṣọ tó wọ̀ wá, torí òkìkí mi ti dé etí rẹ̀. Mo pa ilẹ̀kùn dé. Mo fa àga fún un.

"Jókòó, ọmọ mi. Aṣọ ò ṣòro, màá tú ojú rán. Ṣé o ti lọ rí agbẹ̀bí?"